Ìṣẹ́jú Àáyá Márùn-ún

Obìnrin tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi ní Lotto, ní Mówé, fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan nítorí iṣẹ́ kan tí mo ṣe, tí wọ́n sì yìn mí fún. N kò ṣe iṣẹ́ náà bí ọ̀lẹ. Mo wọ̀n ọ́n, mo dán an wò, mo tún un wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń kọ èyí kí n lè fi ọwọ́ ara mi tọ́ka sí ibi tí mo ti ṣì í.

Kétu ni mo ti wá, ní ìhà kejì ààlà. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo rò pé n kò lọ sí òkèèrè. Yorùbá ni à ń sọ nílé wa, Yorùbá náà ni wọ́n ń sọ ní Mówé; kí ló tún kù? Ọjọ́ kìíní gan-an ni mo mọ̀ pé ó kù púpọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí onílé wa pé "Ẹ kú ilé, bàbá," ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Mo béèrè ibi tí mo ti lè fi iná sí pọ́tábù mi, àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó lẹ́nu géètì wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Fóònù ni wọ́n ń pè é níhìn-ín. Faransé ni mo fi kàwé, nítorí náà, bí wọ́n bá ti da Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Yorùbá, ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń bọ́ sí mi létí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín níbi tí àwọn yòókù bá ti rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín tèmi máa ń kẹ́yìn.

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, mo ti di Àǹtí Kútọnu. N kò gbé Kútọnu rí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn títí ó fi sú mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ.

Ìyá Rẹ̀mí ló fún mi ní orúkọ náà. Télọ̀ ni, ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, láti ìhà Ìṣẹ́yìn ló sì ti wá sí Mówé nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Máṣínnì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè wọlé tàbí jáde tí kì í gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ní àwọn ọjọ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ nílé, yóò máa wò mí láti ibẹ̀.

"Àǹtí Kútọnu, kí lo ń wò nínú àpótí yẹn látàárọ̀?"

"Mo ń ṣọ́ nǹkan ni, mà."

"Ọdẹ ni ọ́ nìyẹn."

"Ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀, mà."

"Ọdẹ tí kò ní tọ́ọ̀ṣì. Kí ni olè fẹ́ jí níbẹ̀?"

"Àsìkò ni, mà. Àsìkò àwọn èèyàn."

Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣínnì. "Bí o bá mú olè náà, kó dá tèmi tí ó ti jí padà." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó mú mi rẹ́rìn-ín lásìkò kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ní ìlú yẹn.

Òótọ́ ni mo sọ fún un. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Ìbàfo ló gbà mí, lókè ilé tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà. Wọ́n ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà kan fún àwọn ilé ìwòsàn aládàáni ní Mówé, Ìbàfo, Ìfọ̀ àti Ajúwọ̀n. Gbogbo káàdì àwọn aláìsàn wọn wà nínú dátábéèsì kan ṣoṣo, dátábéèsì náà sì wà lórí kíláùdù, èyí tí kì í ṣe ohun mìíràn ju kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tí à ń yá lò, tí a kò sì lè fojú rí. Nígbàkigbà tí akọ̀wé ilé ìwòsàn bá tẹ orúkọ aláìsàn, ìbéèrè kan á lọ bá dátábéèsì náà, ìdáhùn á sì padà. Iṣẹ́ mi ni láti máa wo bí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ti pẹ́ tó, kí n wá èyí tó ń jẹ agbára ẹ̀rọ lásán, kí n sì wò ó sàn.

Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Ní Kétu, mo fi fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán ka gbogbo ohun tí mo rí kà nípa rẹ̀, mo sì ń dán an wò lórí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ẹ wo bó ṣe rí: bí dátábéèsì bá ní atọ́ka lórí orúkọ, ó dà bí ìwé tí wọ́n to orúkọ inú rẹ̀ láti A dé Y, ìwọ á ṣí i sí ibi tó yẹ tààrà. Bí kò bá sí atọ́ka, ẹ̀rọ ní láti ka gbogbo káàdì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí èkínní dé orí èyí tó kẹ́yìn, kó tó lè sọ pé òun rí i tàbí òun kò rí i. Ìbéèrè méjèèjì jọ ara wọn lójú ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń mú wá. Ṣùgbọ́n ọ̀kan gba ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, èkejì gba ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlógójì.

Méjìdínlógójì yìí ló gbé mi dé ibi tí mò ń sọ.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi dán mi wò kí wọ́n tó lè sọ pé mo di òṣìṣẹ́ wọn. Nínú oṣù kejì, gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, bí aago mẹ́sàn-án bá ti ń lù, ìlà tó ń fi agbára ẹ̀rọ hàn lójú kọ̀ǹpútà mi á gòkè bí èèyàn tó ń gun àgbọn, á sì dúró sókè. Àwọn ilé ìwòsàn á máa pe ọ̀gá wa, Ọ̀gá Jídé. Òun náà á jáde láti yàrá rẹ̀ pẹ̀lú fóònù méjì.

"Àǹtí, Ìfọ̀ ní àwọn ti padà sí bébà! Bébà! Èmi tí mo sọ fún wọn pé bébà ti tán láyé."

"Mo ń wá a, sà."

"Wá a kíákíá. Bí wọ́n bá lọ, gbogbo wa la máa lọ."

Mo rí i ní ọjọ́ kẹta. Mo to gbogbo ìbéèrè ní ìtẹ̀léra, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó, bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí àpapọ̀ àsìkò tí ó jẹ láti àárọ̀. Ọ̀kan ló wà lókè, ó sì fi jìnnàjìnnà ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Lójú ìwé tí àwọn akọ̀wé ń lò, ibì kan wà tí wọ́n kọ "Wá níbi gbogbo" sí. Ẹni tó bá tẹ ọ̀rọ̀ sí ibẹ̀, ẹ̀rọ á lọ wá ọ̀rọ̀ náà nínú ibi tí wọ́n ń kọ àkíyèsí sí lórí káàdì, ìbáà jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, àárín tàbí ìparí rẹ̀. Atọ́ka kankan kò lè ran irú ìyẹn lọ́wọ́. Gbogbo káàdì gbogbo ilé ìwòsàn ni yóò kà. Bí akọ̀wé mẹ́rin bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ á kú sí iwájú wọn.

Ọ̀rọ̀ wo gan-an ni wọ́n ń wá? N kò mọ̀. Àkójọ tí mo ń wò máa ń fi àmì bo ọ̀rọ̀ náà nítorí àṣírí aláìsàn. N kò sì béèrè.

Mo lọ bá Ọ̀gá Jídé. Mo ní ọ̀nà méjì ló wà. Atọ́ka kan wà tó máa ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, ó lè ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n yóò gbà mí ní bí ọ̀sẹ̀ méjì láti dán an wò. Èkejì ni kí n fi gbèdéke sí i: ìbéèrè tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí dátábéèsì gé e.

"Èwo ló yá?"

"Èkejì, sà. Ọ̀sán yìí."

"Kí lo wá ń dúró dè?"

Mo ṣe é lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìlà yẹn sọ̀ kalẹ̀ lójú mi, ó sì dúró sílẹ̀. Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́sàn-án lù, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá Jídé dúró lẹ́yìn àga mi, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó fún mi ní ìwé pé mo ti di òṣìṣẹ́. Ó tún fi kún un pé àwọn káàdì tuntun tí wọ́n ń ṣí ní àwọn ilé ìwòsàn ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́; iṣẹ́ ń gbòòrò. Mo pe màmá mi ní Kétu.

"Wọ́n ti gbà mí pátápátá, màámi."

"Ọlọ́run, a dúpẹ́! Kí lo ṣe fún wọn?"

"Mo mú ẹ̀rọ wọn yára ni."

"O ti jẹun?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo lọ ra súyà, mo fún Ìyá Rẹ̀mí nínú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó ní àlùbọ́sà rẹ̀ kò tó.

Ìgbà yẹn ló sọ ìtàn abẹ́rẹ́ fún mi. Ó ní ọdún kan báyìí, wọ́n fún òun ní abẹ́rẹ́ kan nílé ìwòsàn tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà wa, ojú òun wú, ọ̀fun òun dí, òun sì ti rí òkú ọkọ òun tó ń juwọ́ sí òun. "Mo ní kó máa lọ, mo ṣì ní aṣọ tí mò ń rán." Wọ́n ti kọ ọ́ sórí káàdì òun níbẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni má fún òun mọ́. Mo béèrè orúkọ oògùn náà. "Ta ló mọ orúkọ oògùn? Ó wà lórí káàdì."

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, abẹ́rẹ́ máṣínnì wọ ìka ìfábẹ̀là rẹ̀, ó sì kán sínú rẹ̀. Ó fi eyín fà á yọ, ó fi ìpara gbígbóná pa á, ó dè é, ó sì ń ránṣọ lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó ní ó ń ta òun díẹ̀. Ní ọ̀sán Sátidé, mo jáde láti lọ ra omi, mo rí i tó gbé orí lé máṣínnì. Ọwọ́ rẹ̀ ti wú dé ìgúnpá, ó ń gbóná bí ààrò, ó sì ń bá Rẹ̀mí sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ Rẹ̀mí wà ní Ìlọrin ní ilé ẹ̀kọ́.

Èmi àti onílé wa ló gbé e sínú kẹ̀kẹ́ máruwá. Mo pe Rẹ̀mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fóònù rẹ̀ kò lọ. Inú yàrá ìdánwò ló wà, bí a ṣe wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Onílé dúró láti máa pè é. Báàgì kọ̀ǹpútà mi wà léjìká mi nítorí pé n kì í fi í sílẹ̀ nílé, mo sì fi àyà mi ti Ìyá Rẹ̀mí dúró títí a fi débẹ̀.

Wọ́n gbé e wọlé. Èmi dúró níwájú akọ̀wé, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sístà Bùnmi. Mo rí ojú ìwé wa lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Orúkọ aláìsàn?"

Mo la ẹnu. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń kí obìnrin yìí láràárọ̀, mo ti jẹ ẹ̀bà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ti bá mi gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò. "Ìyá Rẹ̀mí," ni mo sọ.

Sístà Bùnmi kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó lọ sí "Wá níbi gbogbo", ó tẹ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀ bí ẹni tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Mo wò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú ọkàn mi, n kò mọ̀ pé mò ń kà. Nígbà tí mo ka márùn-ún, ìdáhùn jáde: Kò sí nínú àkọsílẹ̀.

Mo tẹ ara síwájú, mo tún un kà.

"Kò wá síbí rí," ni Sístà Bùnmi wí.

"Ó ti wá. Ó sọ fún mi."

"Àǹtí, ẹ̀rọ ní kò wá rí. Ẹ̀rọ kì í purọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa gbogbo aláìsàn tí wọ́n ń gbé wá, tuntun ni gbogbo wọn, ìlú ti kún. N ó ṣí káàdì fún un."

Gbogbo rẹ̀ wá hàn sí mi níbi tí mo dúró sí. Wọn kì í mọ orúkọ ẹni tí wọ́n gbé wá. Aládùúgbò ló máa ń gbé aládùúgbò wá, aládùúgbò kò sì mọ̀ ju Ìyá Lágbájá lọ. Nítorí náà, àwọn akọ̀wé ti fi ọgbọ́n ara wọn ń kọ ọ́ sí ibi àkíyèsí láti ìbẹ̀rẹ̀: Ìyá Rẹ̀mí, Bàbá Ìbejì, Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wá a. Mo ti gé e. Ojú ìwé wa kò sì mọ ìyàtọ̀ láàrin ìbéèrè tí wọ́n gé àti ìbéèrè tí kò rí ìdáhùn. Ohun kan náà ló ń sọ fún méjèèjì.

Mo wo káàdì tuntun tó ń ṣí. Níbi tí wọ́n kọ "Oògùn tí kò bá a lára mu" sí, ètò náà ti fúnra rẹ̀ kọ "Kò sí".

Ohùn dókítà ń bọ̀ láti inú. "Káàdì rẹ̀ dà? Àkóràn yìí ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, a kò lè jókòó tì í."

"Tuntun ni, dókítà!" ni Sístà Bùnmi dáhùn. "Kò sí oògùn tó lòdì sí i!"

Mo sáré wọlé. Nọ́ọ̀sì ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́.

"Dókítà, ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà náà, ojú rẹ̀ ti rẹ̀. "Kí lẹ jẹ́ sí i?"

"Aládùúgbò rẹ̀ ni mí, sà. Abẹ́rẹ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á níbí rí. Ó wà lórí káàdì rẹ̀."

"Oògùn wo?"

"N kò mọ̀."

"Wọ́n ní kò ní káàdì."

"Ó ní. Èmi ni mo ń ṣọ́ dátábéèsì yín, sà. Èmi ni mo gé e."

Kò yé e, kò sì sí àyè láti ṣàlàyé. Ó nawọ́ sí igò méjì tó wà lórí tábìlì. "Oríṣi méjì yìí nìkan la ní nílé. N kò lè ṣaláìfún un ní ọ̀kan. Èwo ni kí n fi sílẹ̀?"

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ó wo ọwọ́ Ìyá Rẹ̀mí. "Nọ́ọ̀sì, ẹ so omi fún un. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àǹtí. Lẹ́yìn ìyẹn, n ó yan ọ̀kan."

Mo jókòó sórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni fóònù mi ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo sì fi fóònù náà fún kọ̀ǹpútà mi ní ìtàkùn ayélujára. Òfin ilé iṣẹ́ wa ni pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ ṣí káàdì aláìsàn. Mo mọ̀. Mo wọlé sínú dátábéèsì pẹ̀lú orúkọ ara mi, mo gbé gbèdéke kúrò fún ara mi nìkan, mo sì béèrè ohun tí Sístà Bùnmi béèrè. Ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ọgbọ̀n. Márùndínlógójì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.

Mo gbọ́ tí Ìyá Rẹ̀mí ń pe ọmọ rẹ̀.

Mo gbé fóònù náà sókè títí ó fi tún rí i. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lọ. Bí mo bá tún béèrè bẹ́ẹ̀, yóò tún já. Nígbà náà ni mo tó ronú bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀: kí ló dé tí mo ń ka káàdì Ìfọ̀ àti Ajúwọ̀n? Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nọ́ńbà náà sì ní atọ́ka. Mo fi ìlà kan kún un: ilé ìwòsàn yìí nìkan. Mo kọ nọ́ńbà náà ní òdì, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ.

Ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ìyá Rẹ̀mí mẹ́sàn-án.

Mo ka àkíyèsí wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Olùkọ́. Ẹni tó ń ta gáàsì. Ìkẹfà ni: "Ìyá Rẹ̀mí, télọ̀, Lotto, opó." Orúkọ tó wà lórí káàdì náà ni Sàdíátù Àbẹ̀kẹ́. Orúkọ oògùn náà wà lábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà pupa. Mo pariwo rẹ̀ kí n tó dìde.

Dókítà yíjú sí nọ́ọ̀sì. Ó gba abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ti fa oògùn sí, ó sì sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí. Ó mú igò kejì.

Mo padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn níbẹ̀ kì í ṣe ikú tó yẹ̀, ìlà kan ṣoṣo tí mo fi kún ìbéèrè náà ni. Akọ̀wé Mówé kì í wá aláìsàn Ajúwọ̀n. Bó bá jẹ́ pé mo lọ jókòó ti Sístà Bùnmi fún wákàtí kan péré, ǹ bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ǹ bá ti fi ìlà náà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò sì ní nílò gbèdéke kankan.

Ọjọ́ Àìkú, mo sọ ọ́ fún màmá mi lórí fóònù. Ó gbọ́ ọ dé òpin.

"Ìwọ náà mọ̀," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, ta ló tún fi orúkọ pè mí ní Kétu? Bí mo bá ṣubú lọ́nà oko, orúkọ rẹ ni wọ́n máa fi gbé mi lọ."

Mo ti gbé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ilé tí wọ́n ti ń fi orúkọ mi pe ìyá mi, mo sì dé Mówé, mo jókòó ti ìwọ̀n àti ìlà, mo gbàgbé rẹ̀ bí ẹni pé ìlú òyìnbó ni mo ti wá. Nígbà tí mo dé, mo ń wá ohun tí yóò fi hàn mí pé mo ti di ara wọn. Mo rò pé ìwé iṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀, àṣà tó wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní láti kọ́ mi, mo fi ọwọ́ ara mi gé e.

Ní Mọ́ńdè, kí n tó dé Ìbàfo, Ọ̀gá Jídé ti rí orúkọ mi lókè àkójọ.

"O ṣí káàdì aláìsàn."

"Mo ṣí i, sà."

"O mọ òfin."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí gbèdéke dé orí garawa ìdọ̀tí. Ó jókòó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìlà kan?"

"Ìlà kan, sà."

"Fi í sí i nísinsìnyí. Yọ gbèdéke náà. Kí ọ̀rọ̀ yìí sì parí sí yàrá yìí, o gbọ́ mi? Ẹ̀mí kò lọ. Bí a bá sọ ọ́ síta, ta ló máa gbé káàdì aláìsàn lé wa lọ́wọ́ mọ́? Mo lè fojú fo orúkọ rẹ tó wà lórí àkójọ. Ìwọ náà, fojú fo ìyókù."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ìlà náà sí i. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá, pẹ̀lú ìdánwò.

Ní Túsìdè, mo lọ wo Ìyá Rẹ̀mí. Rẹ̀mí ti dé láti Ìlọrin, ó lọ ra oúnjẹ. Ìyá náà jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀ bí ẹ̀kọ inú ewé, ó sì ń ṣàròyé pé ẹni tó rán aṣọ nọ́ọ̀sì kò mọ apá á gé.

Mo kúnlẹ̀. "Mà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ."

Mo sọ ọ́ fún un ní ọ̀rọ̀ tó lè yé e. Pé èmi ni mo ti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rí káàdì rẹ̀. Pé n kò mọ̀. Pé mo bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ mi títí, kò yẹ ojú kúrò lára mi.

"Ìwọ lo tì í?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ lo tún ṣí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà ní títì?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé ọjọ́ márùn-ún, mà."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n dì. Mo ti ń retí kó bú mi tàbí kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Èmi ní ẹni tó mọ ibi tó tì," ló wí jẹ́jẹ́. "Àwọn yòókù ńkọ́?"

Mo dìde, mo sì lọ sí Ìbàfo.

Àkójọ tí mo ń wò lójoojúmọ́ máa ń bo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n dátábéèsì ní ìwé àṣìṣe kan tí kì í bo nǹkan kan. Gbogbo ìbéèrè tí gbèdéke bá gé, ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí, ilé ìwòsàn àti ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé tẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti fi gbèdéke sí i, n kò ṣí i rí, nítorí pé ìlà tó wà lójú mi ti sọ̀ kalẹ̀. Mo ṣí i. Mo fa ojú ìwé náà sísàlẹ̀, mo tún fà á, kò tán. Ìyá Sùlè. Bàbá Ìbejì. Ìyá Ṣadé alágbo. Ìyá Sùlè lẹ́ẹ̀kan sí i, ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Akọ̀wé kan tẹ Ìyá Ràṣídà lẹ́ẹ̀mẹ́fà kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Mo tẹ̀ wọ́n jáde sórí bébà. Ọ̀gá Jídé jáde láti yàrá rẹ̀, ó rí mi tí mo gbé bébà náà lé orúnkún, tí mo gbé fóònù ilé iṣẹ́ sétí. Ó mọ ohun tí mò ń ṣe.

"Mo sọ fún ọ."

"Ẹ sọ fún mi, sà."

Ó dúró síbẹ̀. Kò gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, kò sì padà wọlé.

Ilé ìwòsàn kan ní Ìfọ̀ ni mo kọ́kọ́ pè. Akọ̀wé wọn gbé e. Mo kí i, mo sọ ibi tí mo ti ń pè, mo ní ẹ̀rọ wa ti parọ́ fún wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àti pé mo fẹ́ kí a jọ wo àwọn káàdì tuntun tí wọ́n ṣí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹni náà ti ní ti àtijọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ta lẹ fẹ́ kí n kọ́kọ́ wò, mà?"

"Ìyá Sùlè. Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méje."

Mo gbọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́. Mo ka ọ̀kan, mo ka èjì, ìdáhùn sì dé.

"Ó ti jáde, mà. Káàdì méjì. Ẹ dúró." Mo gbọ́ tó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. "Ẹ dúró, mà, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí wọ́n kọ sórí ti àtijọ́."

Mo ṣí bírò mi, mo sì dúró.